Ẹ̀bẹ̀ Lórí Balùwẹ̀ Tí Adájọ́ Ní Kì í Ṣe Ara Ilé

Ojúlé Kẹrìnlá,
Àdúgbò Òkè-Àgbàrá,
Òmù-Àrán,
Ìpínlẹ̀ Kwara.

Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹta, Ọdún 2026.

Akọ̀wé Àgbà,
Ilé-Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn,
Ìlọrin.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌTUMỌ̀ "ILÉ" NÍNÚ ÒFIN: Ẹ JỌ̀WỌ́, Ẹ TÈTÈ GBỌ́ Ẹ̀BẸ̀ WA

1. Mo ń kọ̀wé yìí lórúkọ ìyá mi àgbà, Ìyáàfin Helen Awóyẹmí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin.

2. Ní oṣù Kẹjọ tó kọjá, ìgbìmọ̀ aláàbò àdúgbò gbé kámẹ́rà sórí òpó nítorí àwọn tó ń jí ewúrẹ́. Ó kọjú sí balùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa, tí kò ní òrùlé. A kò ní ewúrẹ́.

3. A pe ìgbìmọ̀ náà lẹ́jọ́ lábẹ́ abala kẹtàdínlógójì òfin ilẹ̀ wa, tó dáàbò bo àṣírí ọmọ orílẹ̀-èdè àti ti ilé rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà ní kámẹ́rà kò rí nǹkan kan. Láti fi hàn bẹ́ẹ̀, ó gbé fídíò wá síwájú gbogbo kóòtù. Kámẹ́rà rí gbogbo rẹ̀, títí kan ìyá mi àgbà níbi tí wọ́n ti ń wẹ̀. Ìlà kejì ni ìyá mi àgbà jókòó sí. Wọ́n fi gèlè bo ojú.

4. Adájọ́ ní ohun tí kò ní òrùlé kì í ṣe ilé, nítorí náà òfin kò dé balùwẹ̀ wa. A bọ̀wọ̀ fún ìdájọ́ náà. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹrin ọdún tó kọjá ni ìjì ti ṣí ìdajì páànù ilé-ẹjọ́ ọ̀hún, a kò sì tíì yọ "ilé" kúrò lára orúkọ rẹ̀.

5. A kan páànù sórí balùwẹ̀ kí ó lè di ilé. Ìgbìmọ̀ náà pè wá lẹ́jọ́ pé a dí kámẹ́rà lójú. Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù yìí ni ìgbẹ́jọ́. Bí ó bá jàre, a ó tú páànù náà.

6. Òfin dárúkọ ọmọ orílẹ̀-èdè kí ó tó dárúkọ ilé. Ìyá mi àgbà, tí wọ́n fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ni ní gírámà, ní kí n tọ́ka sí i. Wọn kò nílò òrùlé kí wọ́n tó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè.

7. A bẹ̀ yín, ẹ gbọ́ ẹjọ́ tí a pè sọ́dọ̀ yín ní oṣù Kìíní kí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ náà tó pé. Ẹ sì pàṣẹ kí wọ́n fi èdìdì di fídíò náà, nítorí ó wà nínú fáìlì tí ẹnikẹ́ni lè bèèrè.

Ìyá mi àgbà ní àwọn kò lè wẹ̀ lábẹ́ òrùlé tó ní ẹjọ́ lọ́rùn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n kó aṣọ wọn lọ sọ́dọ̀ àbúrò wọn ní Àrán-Ọ̀rin. Mo bi wọ́n léèrè ìgbà tí wọn yóò padà sílé. Wọ́n ní kí n bi yín.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìparí.

Èmi ni tiyín, tí ń retí ìdáhùn,

Ṣèyífúnmi Awóyẹmí,
Ọmọ-ọmọ olùpẹ̀jọ́.