Bí Mo Ṣe Fi Ẹnu Mi Yin Sáádù

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́.

Àwọn aṣọ́bodè tó ń wá àlejò tí ò ní pépà ti gbé Sáádù, aránbàtà wa ní Sábó, lọ. Ẹnu mi ló fà á.

Ó dọ̀bálẹ̀ kí ọ̀gá wọn, ni mo bá ń yìn ín: "Ọ̀gá, ẹ ò rí i? Ará Nìjẹ̀ nìyí o, ó mọ èèyàn kí ju ọmọ Ifẹ̀ lọ!"

"Pépà ẹ̀ dà?"

Kò ní.

Mo pariwo: "Àwọn tó ń gbé ìbọn wọlé ńkọ́? Aránbàtà lẹ rí mú!" Ó yẹ kí wọ́n ṣọ́ bodè, mo gbà. Àmọ́ Sáádù...

Ìyàwó ẹ̀ bi mí: "Màmá, ta ló sọ fún wọn?"

Mo ní mi ò mọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ pé mo gbèjà ọkọ òun.