Ohun Tí Àwòrán Àyà Gìrìpá Fi Hàn

                                        Yàrá Àwòrán,
                                        Ilé-Ìwòsàn Àgbà.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ara ńkọ́? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún ìyá wa ti ń gbé wọn dìde wàyí? Àbíkẹ́yìn rẹ ńkọ́, ṣé ó ti yọ eyín, àbí ẹkún ló ṣì fi ń dá yín lóhùn? Àwa náà wà, a dúpẹ́.

O ní oríṣiríṣi lo ń gbọ́ nípa Gìrìpá káfíńtà. Èmi ni mo ya àwòrán àyà rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí n sọ fún ọ.

Ibà ló kọ́kọ́ mú un. Ó lo oògùn títí, kò lọ. Nígbà tó yá, ikọ́ dé, ẹ̀gbẹ́ sì ń gún un tó bá mí. Kíá làwọn ará àdúgbò ti sọ ọ́ lórúkọ: ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ìyàwó rẹ̀ kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ tì í wọlé, ọkùnrin tó ń dá gbé ilẹ̀kùn kò lè dá nàró níwájú ẹ̀rọ.

Mo ní kó mí sínú, kó dá a dúró. Ó ní, "Èyí tí mo ń mí kò tíì tó mi, o tún ní kí n dá a dúró!"

Àmì funfun róbótó-róbótó ló kún ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì. Àwọn mìíràn ti dá ihò sínú. Dókítà tó ń ka àwòrán wò ó títí, ó ní ó jọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ gbé wá láti ibòmíràn. Ó bi í bóyá egbò wà lára rẹ̀. Gìrìpá ní rárá. Ó tún bi í. Ìgbà náà ló tó gbé apá sókè: eéwo abíyá tó fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ tú fúnra rẹ̀ ni ojú ń tì í láti fi hàn.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n bá kòkòrò àrùn tó gba ojú eéwo yẹn wọlé níbẹ̀. Wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò, kò sí ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń fún un ní oògùn gba inú iṣan.

Àwòrán tí mo yà lọ́sẹ̀ tó kọjá ti ń mọ́, ó ku àpá díẹ̀. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wá wò ó, Gìrìpá ní kí n fi hàn án, kó lè gbà gbọ́ pé kì í ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ. Obìnrin náà kò tilẹ̀ wò ó. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ ìyẹn kà. Àwọn ọmọ ń béèrè bàbá wọn. Ìgbà wo ló ń bọ̀ wálé?"

Gìrìpá kọjú sí ògiri. Nígbà tó yí padà, ó ní kí ìyàwó òun bá òun mú bàtà òun lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Bá mi kí gbogbo ilé. Ẹni tí eéwo bá sọ níbẹ̀, kó má fi abẹ́rẹ́ kàn án o.

Èmi ni, tìrẹ láìyẹsẹ̀,
Adúmáadán