Ẹni tí Bàbá ń Dárúkọ Rẹ̀ Nídìí Sàárà

Ẹ̀gbọ́n mi Israfil,

Ẹ kú òtútù o. Láràárọ̀ níbí ní Ọ̀yọ́, mo máa ń gé ẹnu òwú sítóòfù, màá gbé omi ife méjì kaná, tèmi àti tiyín bíi tìgbà tí a jọ wà nílé, kí n tó rántí pé èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá. Gbogbo ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń kí yín. Ẹsẹ̀ tó ń dun Màámi ti fúyẹ́.

Mo rí lẹ́tà yín gbà. Ẹ ní ìjọba Jámánì fẹ́ dá yín padà, àfi tí mo bá kọ̀wé pé Bàbá fẹ́ pa yín torí pé ẹ di Kìrìsìtẹ́nì. Bàbá yìí kan náà ló ń fi àkàrà ṣe sàárà fún yín ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Wọ́n á dárúkọ yín, gbogbo àdúgbò á ṣe àmín. Wọn ò dárúkọ tèmi rí. Nígbà tí mo bi wọ́n, wọ́n ní, "Ṣé Ọ̀yọ́ náà ni ìrìn àjò?"

Ẹni tó ń bínú yín nílé wa, èmi ni, kì í ṣe Bàbá. Mi ò lè kọ irọ́ yẹn mọ́ wọn.

Kí Ọlọ́run má dójú tì yín. Lọ́la Jímọ̀, màá wọkọ̀ lọ sílé, màá ka lẹ́tà yín fún Bàbá, kí wọ́n fúnra wọn sọ ohun tí n ó kọ. Tí wọ́n bá wá ń pín àkàrà, màá ní kí wọ́n dárúkọ mi.

Àbúrò yín,
Safurat