Sípíkà Kékeré àti Ohùn Bàbá

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Àdúgbò Ìyẹrú,
                                        Ọ̀fà,
                                        Ìpínlẹ̀ Kwara.
                                        Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Àǹtí Bàrákàt,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fa ìwé yìí ya. Àsàlámù aláékùn. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú iṣẹ́ ọba, ẹ sì kú ilé tuntun tí ẹ ò múra ẹ̀ sílẹ̀. Ṣé ara le? Orúnkún tó ń dùn yín ńkọ́? Ṣé àwọn ọmọ ti rí ilé ìwé wọ̀ ní Ìlemọ̀nà? Safiyat ìyàwó mi ní kí n kí yín dáadáa. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà.

Mo pè yín títí, ẹ ò gbé fóònù. Ẹ̀yin lẹ jàre. Dúpẹ́olúwa tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ni mo bẹ̀ kó bá mi fi lẹ́tà yìí lé yín lọ́wọ́, nítorí ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò gbọdọ̀ kọjá ọ̀túnla.

Ẹ jẹ́ n rò ó látìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè rí i pé mi ò fi nǹkan kan pamọ́. Ohùn Bàbá tí ẹ gbà sórí fóònù nígbà àìsàn tó gbé wọn lọ, ẹ̀yin ní ohun tí wọ́n sọ nípa ilé ni pé, “Ẹ má tà á.” Ẹ̀gbọ́n wa Habeeb ní irọ́ ni, “Ẹ máa tà á” ni wọ́n sọ. Nígbà tó di ariwo, gbogbo ẹbí ní kí èmi Lukman tí mo ń fi etí jẹun dá a. Mo fi í sínú sípíkà mi àtijọ́, nínú yàrá tí kò sí nǹkan kan lára ògiri ẹ̀. Mo gbọ́ “máa”, mo sì ní “máa” ni. Ká ní ibẹ̀ ni mo dúró! Mo tún là á mọ́lẹ̀ pé ẹ̀ ń parọ́ mọ́ òkú nítorí kí ẹ lè jókòó ti ilé. Ẹ̀yin tí ẹ tọ́jú Bàbá fún ọdún mẹ́ta nínú ilé yẹn! Háà, ẹnu mi yìí.

Èyí tí ẹ ò mọ̀ ló kù. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fẹ́ sípíkà gidi sí yàrá tí mo ti ń gbọ́ àwọn orin tí mo bá gbà sílẹ̀, irú tí wọ́n ń lò ní sítúdíò ńlá, tí ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára ti wà nínú ikùn ẹ̀, tó jẹ́ pé wáyà iná nìkan lèèyàn máa kì bọ̀ ọ́. Owó ẹ̀ ga. Ìpín mi nínú owó ilé Bàbá ni mo fọkàn sí pé mo máa fi rà á. Ọjọ́ tí Ẹ̀gbọ́n Habeeb ní àwọn ti rí ẹni tó fẹ́ ra ilé, ọjọ́ yẹn gan-an ni mo pe Ayọ̀dàmọ́lá, ẹni tó ń tà á n'Ílọrin. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, ó gbé oríṣi méjì wá, ńlá kan, kékeré kan, ó ní kí n fi ọ̀sẹ̀ kan yẹ̀ wọ́n wò. Ojú ẹsẹ̀ lojú mi ti wọ ńlá. Béèsì ẹ̀ ń mi àyà èèyàn jìgìjìgì! Ayọ̀dàmọ́lá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Brọ̀dá Lukman, yàrá yín ò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lọ. Èyí á kàn máa lu ògiri kiri ni. Ohùn èèyàn tí ẹ mọ̀ dáadáa ni kí ẹ fi dán wọn wò, ẹ fi orin sílẹ̀.” Ó bá mi ta aṣọ ìbora tó nípọn sára ògiri, ó gbé kékeré síwájú mi kó ṣe déédéé etí mi, ó bá tiẹ̀ lọ.

Ohùn ta ni mo mọ̀ tó ti Bàbá? Lọ́sàn-án àná, mo kọ́kọ́ fi í sí ńlá. “Máa.” Ọkàn mi balẹ̀. Mo wá fi í sí kékeré. Àǹtí, ohun mìíràn ni mo gbọ́. Mo tún un fi, mo tún un fi, títí mi ò fi mọ iye ìgbà mọ́. “Má” ni Bàbá wí, wọ́n gé e kúrú, wọ́n wá mí. Èémí ni! Èémí wọn tó máa ń dún “háà” nígbà tí àyà bá há wọn. Nínú sípíkà mi àtijọ́ nígbà tí yàrá ń dún gbohùn-gbohùn, àti nínú ńlá tó ń lu ògiri kiri, èémí yẹn lẹ̀ mọ́ “má”, òun la gbọ́ ní “máa”.

Mo ṣì ń wá àwíjàre o. Mo ní bóyá sípíkà kékeré ló ń gé ọ̀rọ̀ jẹ. Mo bá pe Safiyat láti ilé ìdáná. Ẹ rántí pé wọn ò pe àwọn ìyàwó sí ìpàdé, kò gbọ́ ohùn yẹn rí. Mi ò sọ nǹkan kan fún un, mo kàn ní kó jókòó. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló gbọ́ ọ. Ó yíjú sí mi, ó ní, “Ẹ sì ní Bàbá ní kí ẹ tà á?”

Mo sáré tọ Ẹ̀gbọ́n Habeeb lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn, mo ní kí wọ́n wá gbọ́ ọ. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ẹnu ta ló sọ “máa” lójú ẹbí? Wọ́n ní olùrà ń bọ̀ ní Àlàmísì, aago mẹ́wàá àárọ̀, gbogbo ẹbí á pé síwájú ilé Bàbá, bí mo bá fẹ́ ya wèrè, kí n wá ya á níbẹ̀. Wọ́n wá rọra bi mí pé, “Sípíkà tó o fẹ́ rà ńkọ́, Lukman?” Wọ́n mọ̀! Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra, nítorí òótọ́ ni. Kékeré yẹn ni ǹ bá mú, mi ò gbọ́ ohun tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ṣùgbọ́n bí a ò bá ta ilé, Ayọ̀dàmọ́lá á kó méjèèjì lọ ní Jímọ̀ ni.

Kó kó wọn. Àǹtí, ẹ ti fi ìbínú fọwọ́ sí ìwé títa ilé kí ẹ tó kó jáde. Ẹ̀gbọ́n Habeeb náà ti fọwọ́ sí i. Ó ku tèmi nìkan, láìsí tèmi wọn ò lè tà á. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an, nítorí ẹ mọ bí àwọn àgbà ẹbí wa ṣe lè le mọ́ọ̀yàn. Ṣùgbọ́n ojú wọn ni mo ti pè yín ní òpùrọ́, ojú wọn náà ni mo ti máa sọ pé etí mi ló ṣì gbọ́, ojúkòkòrò ló sì dí i. Mo fẹ́ kí ẹ wà níbẹ̀. Bí ẹ ò bá tíì lè dárí jì mí, ẹ má dárí jì mí, ṣùgbọ́n ẹ wá.

Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ, ẹ sì bá mi kí Ìyá onílé yín.

Ìwé kan ṣoṣo tí mo máa fọwọ́ sí lọ́sẹ̀ yìí nìyí.

                                        Èmi ni àbúrò yín,
                                        Lukman.