Irúgbìn Inú Igbá Máté

Ìyá mi àtàtà, Obdulia ọlọ́wọ́ ẹ̀rọ̀ tí gbogbo ìlú Salto ń yìn,

Ara mi le, Montevideo sì dára. Igbó tí mo gbàṣẹ ìjọba gbìn fún ìpara orúnkún yín ni kò ṣe dáadáa. Inú igbá tí ẹ fún mi láti máa mu máté, tíì àjùmọ̀mu wa, ni mo gbìn ín sí. Kò kúkú sí ẹni tí a jọ ń mu ún. Nígbà tí mo ṣí i lọ sínú ìkòkò, gbòǹgbò rẹ̀ já, ó sì tanná nígbà tí kò tíì ga ju ìka lọ. Òdòdó rẹ̀ kò kún ṣíbí.

Doña Nélida, aládùúgbò mi, rẹ́rìn-ín: "Walde, ìwọ náà! Ṣé tòmátì lo pè é ni? Irú èyí kì í dúró de ẹnikẹ́ni; bó kéré bó tóbi, ọjọ́ rẹ̀ bá ti pé, yóò tanná. Inú ìkòkò ńlá tí yóò dàgbà sí ni kí o ti gbìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀. Fọ igbá yẹn, kí o gbé e wá ká jọ mu."

Mo ti gbin òmíràn sínú ìkòkò ńlá. Ẹ fi sùúrù tọ́jú orúnkún yín, kí ẹ sì bá mi kí gbogbo ẹni tí ń mu máté lọ́dọ̀ yín ní ìrọ̀lẹ́.

Ọmọ yín,
Waldemar