Ilẹ̀kùn Tí N Kò Sọ fún Wọn

Olóòtú ètò wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làákàyè. Ẹ má dárúkọ mi. Fíríìjì ni mò ń tún ṣe.

Mo fẹ́ràn géèmù kan tó dá lórí ọkọ̀ tó sọnù sáàárín ìràwọ̀. Àwọn tó ṣe é tún ń gbé ìwé aláwòrán rẹ̀ jáde lóṣooṣù. Lójú tèmi, ìwé ló dùn jù. Nínú géèmù, ẹni tó bá kú á tún dìde. Nínú ìwé, ó kú náà nìyẹn.

Àṣejù mi ni pé mo kọ̀wé sí wọn. Mo ní atúnẹ̀rọṣe inú ọkọ̀ wọn ò jọ oníṣẹ́ ọwọ́ rárá, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti mọ́ jù. Mo wá ròyìn tèmi fún wọn: àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, rédíò, ife tí etí rẹ̀ ti kán.

Nígbà tí ìwé tó tẹ̀lé e dé, ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n yà síbẹ̀. Inú mi dùn dé ẹ̀yìn. Ìyàwó mi nawọ́ sí igun kan nínú àwòrán náà, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ sọ fún wọn pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ò ṣe é tì mọ́ ni?"

N kò sọ ọ́.

Ti oṣù yìí dé lánàá. Ní ojú ewé tó kẹ́yìn, atúnẹ̀rọṣe kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́ rédíò. Ilẹ̀kùn ti ṣí díẹ̀. Ìka mẹ́rin ti ìta di etí ilẹ̀kùn náà mú.

Wáyà rédíò mi ò dé ibòmíì, n kò sì lè ṣàì gbọ́ ètò yín. Bí ẹ ṣe ń ka lẹ́tà yìí, mo ti kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn nìyẹn. Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n bojú wẹ̀yìn?