Ọ̀gá Dídán Dí Ilẹ̀ Lẹ́nu

                                        Ilé Ìyá Àgbà,
                                        Pálọ̀, lẹ́bàá fèrèsé,
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta.

Ọmọ Àǹtí mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọ̀fun tó ń dùn ẹ́ ńkọ́? Ṣé wọ́n ń fún yín lóúnjẹ nílé ẹ̀kọ́ yẹn, àbí ìwé lẹ̀ ń jẹ? Ara gbogbo wa le. Ojú Ìyá Àgbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ti là débi pé ó ń rí ìdọ̀tí ọrùn mi láti ìta.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ pálọ̀ ni mo bá wá. O mọ̀ pé Bàbá Àgbà ló fọwọ́ ara ẹ̀ mọ àwọn táìlì alámọ̀ yẹn, tí àmì ẹsẹ̀ màmá ẹ, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, sì wà lára ọ̀kan. Látìgbà tí màmá ẹ ti kú, kò sí àárọ̀ tí Ìyá Àgbà kì í fọwọ́ pa á. Kó tó lọ ṣe ojú, ó ní ẹsẹ̀ yẹn lòun fẹ́ kọ́kọ́ rí tóun bá dé. Ni bàbá mi bá ní ká fọ ilẹ̀, ká sì fi òróró dí ihò ara ẹ̀, torí amọ̀ ń mu gbogbo ohun tó bá dà sí i bí ọ̀mùtí.

Ẹni tó wá pè ni wàhálà. Ọ̀gá Dídán ló ń pe ara ẹ̀, bẹ́ẹ̀ orí ẹ̀ nìkan ló ń dán. Ó ní òun ti fọ ilé ẹgbẹ̀rún méje. Omi tó dà sílẹ̀, ẹja lè bímọ nínú ẹ̀. Èmi gbé àpótí lé táìlì ẹsẹ̀ yẹn, mo fi àkísà yí i ká, mo jókòó. Ó ní kí n dìde, mo ní ẹ̀yìn ń dùn mí. Aṣọ gbígbẹ ni mo fi nu tèmi.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé òróró dé. Mo ní kó kán omi sílẹ̀ wò. Tí ilẹ̀ ò bá mu ún, á jẹ́ pé omi àná ṣì wà nínú ẹ̀.

Ó ní, "Ọmọdé, ojú là ń kùn, a kì í kun inú."

Ó kun gbogbo ẹ̀, títí kan tèmi tó ti gbẹ. Kó tó di ọjọ́ kẹta, ilẹ̀ ti funfun bí ẹni tó ṣubú sínú ìyẹ̀fun. Ó ní ẹwà ló ń jáde. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Ìyá Àgbà dé.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, omi lé sójú tuntun yẹn. Ó wá rìn dé ibi fèrèsé. Táìlì kan péré ló pọ́n dẹ̀dẹ̀, ìka ẹsẹ̀ márùn-ún pé nínú ẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ pa á.

Ó ní, "Ẹ dí àwọn yòókù lẹ́nu nígbà tí omi ṣì wà lẹ́nu wọn. Ta ló ṣe èyí?"

Ojú ò ti Ọ̀gá Dídán, ó nawọ́ sókè. Bàbá mi ló sọ pé èmi ni mo jókòó lé e.

Ìyá Àgbà ní, "Ẹni tó mọ ìjókòó, kó jókòó. Ìwọ ọ̀gá, bó o ṣe kùn ún ni kó o ṣe bó o kúrò."

Òní ló di ọjọ́ kẹrin tó ti wà lórí ìkúnlẹ̀, tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha á. Wọ́n ní ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èyí tó fariwo mú rèé. Orí àpótí ni mo wà tí mo ń kọ̀wé yìí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ibi tó fò hàn án ni.

Bá mi kí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ, pàápàá èyí tó ń hanrun. Yí bébà yìí padà: mo fi í lé táìlì yẹn, mo fi pẹ́ńsùlù ha á lórí títí àmì ẹ̀ fi yọ. Ẹsẹ̀ màmá ẹ nìyẹn. Má jẹun lórí ẹ̀ o.

Èmi tìrẹ tọwọ́tẹsẹ̀,

Ajókòó-má-dìde